Orúkọ Ọmọ àti Iṣẹ́ Énsáìmù Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí 5-alpha-reductase



Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí nǹkan kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara ọmọ ènìyàn láti inú oyún. 5-alpha-reductase ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ń fi lítíréṣọ̀ jẹun ni ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa énsáìmù. Ìdáhùn mi kò gùn. Bí a bá yẹ ìtàn énsáìmù yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ìtàn orúkọ ni. Àwọn ará abúlé kan ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ kí àwọn dókítà tó gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn dókítà fún un ní orúkọ mìíràn. Àwọn tí ń ṣe àkóso eré sísá wá fi orúkọ ti àwọn dókítà ṣe òfin. Àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá ńkọ́? A kò tíì ní ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi pe ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, tí kì í ṣe èébú.

I. Iṣẹ́ tí énsáìmù yìí ń ṣe

Gbogbo wa ni a mọ ògì. Bí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì fi í sílẹ̀ nínú omi rẹ̀, yóò kan. Àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mú un kan, énsáìmù sì ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò. Énsáìmù a máa sọ ohun kan di òmíràn kíákíá, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í parun nínú iṣẹ́ náà. Inú ara tiwa náà kún fún wọn.

Èyí tí a ń sọ yìí ń ṣiṣẹ́ lórí testosterone, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ̀nù tí a mọ̀ sí steroid. Họ́mọ̀nù dà bí ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri: ibì kan ni a ti rán an níṣẹ́, ibòmíràn ni ó ti ń jẹ́ ẹ. Inú kórópọ̀n ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú testosterone ọkùnrin ti ń wá. Ní ọdún 1935 ni a kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní ògidì, ní ìlú Amsterdam. Kábọ̀n 19, háídírójìn 28 àti ọ́síjìn 2 ni ó para pọ̀ di ẹyọ kan rẹ̀. Bí énsáìmù wa bá ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, háídírójìn náà a di 30, ohun tí ó sì jáde ni dihydrotestosterone, tí n ó máa pè ní DHT. Háídírójìn méjì péré ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Síbẹ̀ agbára DHT ju ti testosterone lọ, nítorí pé bí ó bá dé ibi tí a rán an sí nínú sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ énsáìmù náà, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tèmi wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé iṣẹ́ reductase ni láti dín nǹkan kù. Mo ti ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tí ó tú u sí “adínkù”, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Nínú kẹ́mísírì, bí a bá fi háídírójìn kún nǹkan, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún dídín nǹkan kù ni wọ́n ń lò fún un. Ohun tí a fi kún ni wọ́n ní a dín kù! Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe rí lẹ́tà sí lẹ́tà yóò dorí òtítọ́ kodò, nítorí pé ohun tí ó jáde lọ́wọ́ énsáìmù yìí tóbi ju ohun tí ó wọlé lọ, ó sì lágbára jù ú lọ.

Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà nínú oyún, ojú ara ọmọ kò tíì ní ìyàtọ̀, ìbáà jẹ́ XY ni tàbí XX. Lẹ́yìn náà ni kórópọ̀n ọmọ XY a bẹ̀rẹ̀ sí í dá, tí a sì máa tú testosterone jáde. Testosterone fúnra rẹ̀ ni ó ń tún àwọn ọ̀nà tí àtọ̀ yóò máa gbà ṣe nínú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ojú ara tí ó wà níta, èyí tí agbẹ̀bí ń wò kí ó tó kéde pé akọ ni tàbí abo ni, DHT ni ó ń mọ ọ́n. Bí énsáìmù náà kò bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, inú ọmọ XY yóò rí bí ti ọkùnrin, ìta rẹ̀ yóò sì jọ ti obìnrin, tàbí kí ó wà ní agbedeméjì. Ọmọ náà kò ní ilé ọmọ. Bí ó bá wá di ìgbà ìbàlágà, testosterone yóò dé bí àgbàrá òjò. Ohùn a kẹ̀, iṣan a le, nǹkan ọmọkùnrin a dàgbà, kórópọ̀n tí ó fara pamọ́ a máa sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan oṣù kì í dé, ọmú kì í sì í sábà yọ.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà fi ń wọ ìdílé kò ṣòro fún àwa tí a mọ AS àti SS. Bí bàbá àti ìyá bá gbé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan jíìnì tí kò pé náà, tí ara tiwọn sì dá ṣáká, ọmọ kan nínú mẹ́rin lè gba ẹ̀dà méjèèjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí SS ni pé ojú ara ọmọ XX kì í yí padà; ọmọ XY nìkan ni a ń rí i lára rẹ̀.

Oríṣi énsáìmù yìí ju ẹyọ kan lọ. Oríṣi kejì, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ojú ara àti ní prostate, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Oríṣi kìíní wà ní awọ ara àti ẹ̀dọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ tọkùnrin tobìnrin. Níbẹ̀ ó ń kópa nínú sísọ progesterone di ohun kan tí ń mú ọkàn balẹ̀. Irú ohun náà ni a ṣe di oògùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fún àwọn abiyamọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá lẹ́yìn ìbímọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń pè é ní “énsáìmù ọkùnrin” ti fi apá kan ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

II. Salinas

Ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Dominican Republic, ní agbègbè Barahona, ni abúlé kan wà tí ń jẹ́ Salinas. Níbẹ̀ ni ìyá ti ń bí ọmọ tí a wò, tí a ní obìnrin ni, tí a wọ̀ ní aṣọ obìnrin, tí ó sì di pé ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, ara rẹ̀ ń di ti ọkùnrin. Ní ọdún 1974 Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ènìyàn 24 nínú ìdílé 13 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì fi hàn pé àìtó 5-alpha-reductase ni ó fà á. Ní ọdún kan náà, àwọn dókítà ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ìyá méjì.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn ará Salinas ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Güevedoces ni ọ̀kan. Ẹyin ni apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sọ èdè Spéènì ṣe máa ń pe kórópọ̀n bí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Méjìlá ni apá kejì. Kórópọ̀n-lọ́dún-méjìlá! Orúkọ kejì ni machihembra, akọ àti abo tí a so pọ̀. Ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn káfíńtà wọn ń lò fún pákó méjì tí a gbẹ́ létí kí ọ̀kan lè wọnú èkejì láìsí ìṣó. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n, n kò sì ní sọ pé ẹ̀fẹ̀ kò lè dun ọmọ tí a ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó wà nínú wọn. Ìgbà ni èkíní ń sọ, ìyẹn ìgbà tí ohun náà yóò ṣẹlẹ̀. Ìsopọ̀ ni èkejì ń sọ. Kò sí ibi tí a ti pe ara ọmọ náà ní irọ́.

Ẹ wá wo orúkọ tí ó wà lórí ìròyìn ọdún 1974. Àìsàn tí wọ́n kọ sí ibẹ̀ ni pseudohermaphroditism ti ọkùnrin. Hermaphroditos ni ọmọ tí àwọn Gíríìkì ní Hermes bí fún Aphrodite, tí ó jẹ́ akọ tí ó sì jẹ́ abo. Pseudo ni èké. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó dúró níwájú dókítà jẹ́ ayédèrú ohun tí kò sí láyé. Mo gbà pé kì í ṣe èrò àwọn tí ó kọ ọ́ ni láti bú ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí wọ́n bá nílẹ̀ ni. Ó di ọdún 2006 kí àwọn dókítà tó jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a jáwọ́ nínú lílo orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1979 Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìròyìn kejì jáde. Nínú àwọn 18 tí wọ́n ní a tọ́ dàgbà bí obìnrin, 17 ni ó ka ara wọn sí ọkùnrin nígbà tí wọ́n dàgbà, 16 sì ń gbé ìgbé ayé ọkùnrin. Wọ́n fi èyí jiyàn pé họ́mọ̀nù lágbára ju títọ́ ọmọ lọ. Gilbert Herdt, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ta kò wọ́n ní ọdún 1990. Ó ti gbé láàárín àwọn Sambia ní Papua New Guinea, níbi tí irú ọmọ yìí náà wà, tí wọ́n sì ń pè é ní kwolu-aatmwol, èyí tí ń sọ nípa ohun tí ó jẹ́ abo tí ó ń di akọ. Àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wá lára ọmọ tuntun. Àtakò Herdt ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wà fún irú ọmọ kan, a kò lè sọ pé obìnrin pọ́ńbélé ni a fi ọmọ náà tọ́. Ìyá tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà ń wo ọmọ rẹ̀ lójú mìíràn láti ọjọ́ tí ó ti bí i.

Ọ̀rọ̀ Herdt wọ̀ mí lára gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, mo sì rò pé òun ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Orúkọ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Kí ẹnikẹ́ni ní Salinas tó lè pe ọmọ ní güevedoces, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ yí padà láàárín àwọn tí kò ní orúkọ kankan fún ohun tí wọ́n ń rí. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń rò. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó dì mú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí àwọn òbí rẹ̀ lè fi dá aládùúgbò lóhùn.

III. Ibi tí orúkọ náà rìn dé

Àwọn olùwádìí rí ohun mìíràn lára àwọn àgbà Salinas wọ̀nyí. Prostate wọn kéré, irun iwájú orí wọn kì í sì í re. Ilé-iṣẹ́ apoògùn Merck ti ibẹ̀ wá oògùn tí yóò dá énsáìmù náà dúró: finasteride, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1992 fún àwọn àgbà ọkùnrin tí prostate wọn wú tí ìtọ̀ sì ń nira fún, àti ní ọdún 1997 fún àwọn tí orí wọn ń pá. Ó lè wà nínú àpò ọ̀kan nínú wa níbí. Ohun tí a ń pè ní àìsàn lára ọmọdé ti di ohun tí àgbàlagbà ń fi owó rà. Abájọ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún aboyún pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró oògùn náà tí ó bá fọ́: ọmọ XY tí ó wà nínú rẹ̀ lè pàdánù DHT tirẹ̀.

Nínú lítíréṣọ̀, ìwé tí ó mú énsáìmù yìí lò jù ni Middlesex tí Jeffrey Eugenides kọ ní ọdún 2002, tí ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2003. Calliope, ọmọ ìran Gíríìkì ní ìlú Detroit, ni a tọ́ bí obìnrin. Òun ni ó wá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Èmi kò fẹ́ràn gbogbo ìwé náà. Ìtàn àwọn bàbá àgbà gùn jù fún ìfẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ èdè kà. Ọmọ náà gbọ́ tí dókítà lo ọ̀rọ̀ kan fún un. Ó lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ní ilé ìkàwé, ìwé náà ń tọ́ ọ láti ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, títí ó fi dé orí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí iwin abàmì. Ẹni tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè jókòó ti tábìlì rẹ̀, kò rí ọmọ kankan. Ọmọ náà ni ó wá bá ohun tí ó kọ.

Ní pápá eré sísá, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin tí àjọ eré sísá àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 fún àwọn obìnrin tí ń sá eré láti 400 mítà dé máìlì kan, wọ́n to àwọn ipò tí òfin náà kàn lẹ́sẹẹsẹ, àìtó 5-alpha-reductase oríṣi kejì sì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá wà ní ipò náà ní láti fi oògùn mú testosterone rẹ̀ wálẹ̀. Ní ọdún 2023 wọ́n mú òfin náà le sí i, wọ́n sì nà án dé gbogbo eré ìdíje. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 wọ́n ń béèrè àyẹ̀wò jíìnì lọ́wọ́ gbogbo obìnrin tí yóò díje ní ipele àgbáyé. Kí àwọn òfin wọ̀nyí tó dé, ní ọdún 2013, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ti tẹ ìròyìn kan jáde nípa obìnrin eléré mẹ́rin, ọmọ ọdún 18 sí 21, tí wọ́n wá láti ìgbèríko tàbí orí òkè ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni énsáìmù yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Wọ́n yọ kórópọ̀n inú wọn, wọ́n sì gé lára ojú ara wọn. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ sọ pé fífi kórópọ̀n náà sílẹ̀ kò léwu fún ìlera wọn. Mo mọ̀ pé ìbéèrè nípa ẹ̀tọ́ àwọn tí ń bá wọn díje kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Síbẹ̀ mo máa ń bi ara mi léèrè pé èdè wo ni a fi ṣàlàyé fún àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, àti pé kí ni èdè abínibí wọn ní láti fi pe ohun tí a fẹ́ gé.

IV. Èdè tiwa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń yangàn pé èdè Yorùbá kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. “Ó” kan náà ni fún tọkùnrin tobìnrin. Ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò béèrè. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé àríyànjiyàn ńlá lé irú nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, pé ẹ̀gbọ́n-lẹ́gbọ̀n-ọ́n ni àwùjọ wa fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ àti abo. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè tẹ̀ lé e dé òpin. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní láti dáhùn ọ̀rọ̀ oríkì. Àkànní àti Àjàní kì í ṣe obìnrin, Àbẹ̀kẹ́ àti Àdùkẹ́ kì í sì í ṣe ọkùnrin. Ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Òjó ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ní ayé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Kí a tó mọ ọjọ́ tí a ó pe ènìyàn jọ, a ti gbọ́dọ̀ mọ ojú ara ọmọ. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n ń wò.

Bí ọmọ tí énsáìmù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bá wá dé àárín wa, ọ̀rọ̀ wo ni ó wà nílẹ̀? Aṣakọṣabo ń bẹ nínú ìwé, ó sì dára fún òdòdó. Ènìyàn tí a bá pè bẹ́ẹ̀ lójú ọjà yóò bá ẹni tí ó pè é jà. Lákíríboto ti di èébú fún obìnrin tí kò gbọ́ràn. “Obìnrin bí ọkùnrin” jẹ́ ìyìn, “ọkùnrin bí obìnrin” jẹ́ ẹ̀gàn, àwọn méjèèjì kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ti dábàá fún mi pé kí a lo ẹni òrìṣà, bí a ti ń pe afín àti abuké. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé onígbàgbọ́ àti ilé mùsùlùmí kò ní gbà á fún ọmọ wọn, oríṣìíríṣìí ara ni ó sì kó pọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984 ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí. Ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Fún énsáìmù náà, kí a máa pè é ní énsáìmù afagbárakún, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe nìyẹn: ó fi háídírójìn kún testosterone, ó sì fi agbára kún un. Fún ipò ọmọ náà, àìṣiṣẹ́ afagbárakún. Fún ọmọ náà gan-an, n kò dábàá orúkọ kankan. Ọmọ ni. Mo ti wá ọ̀rọ̀ fún un fún ìgbà pípẹ́, èyí tí mo bá sì rí ni mo ń gbọ́ bí yóò ti dún lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àkókò ìsinmi.

Fún agbẹ̀bí tí yóò bá ìyá sọ̀rọ̀, gbólóhùn náà kò nílò ju báyìí lọ: “Ìyá, ara ọmọ yín le, ẹ kú ewu. Ojú ara rẹ̀ kò tíì fi ibi tí ó ń lọ hàn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àyẹ̀wò kí á tó sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi abẹ kàn án.” Ti ìsọmọlórúkọ kò sì ṣòro mọ́ bí ó ti rí láyé àtijọ́. Ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń sọ gbogbo ọmọ lórúkọ nísinsìnyí, ìbáà ṣe akọ, abo tàbí ìbejì. Ayọ̀délé wà, Olúfẹ́mi wà, Tèmítọ́pẹ́ wà, wọn kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ojú ara. Oríkì lè dúró de ọmọ náà fún ọdún méjìlá.